Mo fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́ta: kí ló yẹ kó wà nínú púláànù nítorí iná?

Onílé_Ọ̀la
Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o. Mo fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́ta. Ìsàlẹ̀ máa jẹ́ ibi iṣẹ́ àti ibi ìkẹ́rùsí, àjà méjì òkè máa jẹ́ ibùgbé, ìdílé mẹ́rin lórí àjà kọ̀ọ̀kan. Púláànù àkọ́kọ́ ti dé ọwọ́ mi. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àárín ilé gan-an ló wà, kò sì sí ògiri tó yí i ká. Àwọn tó yà á ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa jẹ́ kí ilé rí gbàgede, kí afẹ́fẹ́ sì máa fẹ́ dáadáa. Nígbà tí mo béèrè pé tí iná bá sọ ńkọ́, èsì tí mo gbà ni pé kí n ra ẹ̀rọ ìpaná méjì méjì fún àjà kọ̀ọ̀kan, ó parí. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. A ò tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀, ohunkóhun ṣì lè yí padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n béèrè lọ́wọ́ wọn? Owó ọwọ́ mi ò pọ̀ rárá, torí náà mo fẹ́ mọ ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ná an lé.

Panápaná_Àná
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ti kun ilé tán ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pe irú wa, nígbà yẹn ohun tó kù ò ju ká gbé ẹ̀rọ ìpaná kọ́ ara ògiri lọ.

Àtẹ̀gùn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Nínú iná ilé, èéfín ló ń pa èèyàn jù, kì í ṣe ọwọ́ iná. Gáàsì kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì tó wà nínú èéfín ò ní àwọ̀, kò ní òórùn, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 200 ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Ẹni tó ń sùn lè má jí mọ́. Fóòmù inú àga àti bẹ́ẹ̀dì tún máa ń tú sáyánáìdì jáde tó bá ń jó, májèlé gidi nìyẹn náà. Òkè sì ni èéfín gbígbóná ń lọ. Tí iná bá sọ níbi ìkẹ́rùsí yín lóru, tí àtẹ̀gùn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu láàárín ilé, ibẹ̀ ni èéfín máa gbà gòkè. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìdílé mẹ́jọ ní ló máa kọ́kọ́ dí, kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún ayàwòrán yín rèé. Kí wọ́n gbé àtẹ̀gùn kúrò láàárín ilé lọ sí ara ògiri ìta. Kí wọ́n fi ògiri búlọ́ọ̀kù yí i ká láti ìsàlẹ̀ títí dókè pátápátá. Kí ilẹ̀kùn tó wọ inú rẹ̀ lórí àjà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ilẹ̀kùn adènà-iná tó ń ti ara rẹ̀. Kí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn já síta tààrà, kó má gba inú ibi ìkẹ́rùsí kọjá rárá. Kí ojúhò tó ṣeé ṣí wà lókè pátápátá níbi tí àtẹ̀gùn parí sí, kí èéfín tó bá yọ́ wọlé lè rí ibi jáde. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ilé kékeré alátẹ̀gùn kan ní kí ojúhò náà tó mítà kan níbùú àti lóròó. Èyí á sì yanjú ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń sọ.

Tí ilẹ̀ bá gbà á, ẹ ṣe àtẹ̀gùn kejì ní apá kejì ilé. Mi ò ní fi èyí ṣeré. Grenfell Tower ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jó ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, ilé alájà 24 ni, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló sì ní. Èèyàn 72 ló kú. Ara ẹ̀rọ amómitutù kan nínú ilé ìdáná lórí àjà kẹrin ni iná ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀.

Ayálégbé_Kan
Mo ń ka èyí, àyà mi ń já. Inú ilé tí àtẹ̀gùn rẹ̀ rí báyẹn gan-an ni mò ń gbé. Kí ni ẹni tí kò ní agbára láti yí ilé onílé padà lè ṣe?

Panápaná_Àná
@Ayálégbé_Kan, ẹ máa ti ilẹ̀kùn yàrá yín tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn. Àní ilẹ̀kùn lásán. Àwọn olùṣèwádìí UL, iléeṣẹ́ tó ń dán ààbò nǹkan wò ní Amẹ́ríkà, ti dáná sun ilé mélòó kan láti wò ó, wọ́n sì rí i pé yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lè wà ní nǹkan bí 38°C nígbà tí yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ nínú ilé kan náà ti kọjá 500°C. Ẹ ra aago èéfín oníbátìrì, ẹ gbé e sí sílìn ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà níwájú yàrá. Kẹ́ ẹ sì bá àwọn ará ilé fẹnu kò sí ibi tí gbogbo yín máa pàdé níta, kí ẹnikẹ́ni má bàa padà wọlé lọ wá ẹni tó ti jáde.

Ayàwòrán_Ilé
Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n Panápaná sọ. Ẹ jẹ́ kí n mú un wọ inú ilé gan-an, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bà á jẹ́.

Ilé ìdílé kọ̀ọ̀kan yẹ kó dá dúró bí àpótí tó ní ìdérí. Tí iná bá sọ nínú ọ̀kan, kó jó mọ síbẹ̀ títí panápaná fi máa dé. Ògiri tó pín ìdílé méjì gbọ́dọ̀ gòkè dé abẹ́ dẹ́kìn kọnkéré tó wà lókè rẹ̀. Ibi tí mo ti rí àṣìṣe jù nìyí: bíríkìlà á dá ògiri dúró níbi tí sílìn máa wà, wọ́n á wá fi sílìn bo àlàfo tó kù lókè mọ́lẹ̀. Téèyàn bá dúró nísàlẹ̀, ògiri náà pé perepere lójú rẹ̀. Lókè sílìn, iná àti èéfín ní ojú ọ̀nà gbọọrọ láti ilé kan dé ìkejì. Àjà òkè pátápátá ló sì burú jù, torí kò sí dẹ́kìn níbẹ̀, òrùlé ló kù. Ẹ ní kí wọ́n mọ ògiri ibẹ̀ dé abẹ́ páànù, kí wọ́n fi àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì dí etí rẹ̀ dáadáa.

Ní ti ilẹ̀kùn adènà-iná, àwọn kan rò pé pákó tó nípọn ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ìléru ni wọ́n ti ń dán an wò, ooru ìléru náà sì máa ń gòkè bí ISO 834, ìlànà àgbáyé fún ìdánwò iná, ṣe sọ: nǹkan bí 842°C ní ìṣẹ́jú 30, 945°C ní ìṣẹ́jú 60. Tí wọ́n bá ní ilẹ̀kùn jẹ́ ti ìṣẹ́jú 30, ó túmọ̀ sí pé irú ooru bẹ́ẹ̀ bá a jà fún ìṣẹ́jú 30, iná ò sì gba ara rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀kùn, férémù, híńjì àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ dán wò. Nítorí náà, tí káfíńtà bá gbé ilẹ̀kùn gidi sínú férémù yẹpẹrẹ, owó yín ti ṣòfò. Àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti férémù lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò yẹ kó ju nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta lọ. Ẹ máa rí ọ̀já tín-ín-rín kan tí wọ́n tẹ̀ sí etí rẹ̀: tí ooru bá kàn án, á wú, á dí àlàfo náà pa. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń kunlé kùn ún mọ́lẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fà á yọ pé ó dọ̀tí.

Òkúta tí àwọn èèyàn máa ń fi há ilẹ̀kùn kó lè ṣí sílẹ̀ ni ọ̀tá ilẹ̀kùn yìí. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé wọ́n á máa há a, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì tó ń di ilẹ̀kùn mú sí i. Tí aago iná bá dún, mágínẹ́ẹ̀tì á tú u sílẹ̀, ilẹ̀kùn á pa dé.

Pulọ́ńbà_Kan
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa pulọ́ńbà àti àwọn oníná, torí àwa la máa ń lu ihò sí ògiri tẹ́ ẹ fi owó ńlá mọ. Páìpù ìdọ̀tí, páìpù omi, wáyà, ọ̀nà ẹ̀rọ amúlétutù, gbogbo wọn ló ń gba inú dẹ́kìn àti ògiri kọjá. Tá a bá ṣiṣẹ́ tán, a máa ń ki bébà sìmẹ́ǹtì tàbí fóòmù lásán bọ ihò náà. Fóòmù tí wọ́n ń fọ́n láti inú agolo yẹn, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń jó. Wáyà gbọ́dọ̀ ní ohun èlò ìdíhò tí wọ́n ti fi iná dán wò. Ti páìpù ike tún le díẹ̀: páìpù fúnra rẹ̀ á yọ́, ihò rẹ̀ á wá ṣí sílẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ fi sìmẹ́ǹtì yí i ká. Kọ́là onírin kan wà tí wọ́n máa ń dè mọ́ páìpù náà lábẹ́ dẹ́kìn, ohun tó wà nínú rẹ̀ á wú tí iná bá dé, á fún páìpù pa bó ṣe ń yọ́ lọ.

Ìmọ̀ràn mi sí Onílé_Ọ̀la: kí ẹ ya àwòrán gbogbo ihò wọ̀nyí nígbà tí wọ́n bá lù ú, kí ẹ ya òmíràn nígbà tí wọ́n bá dí i, kí sílìn tó bò wọ́n. Lẹ́yìn tí sílìn bá ti bò ó, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ mọ́.

Oníná_Mànàmáná
Ẹ kú ìjíròrò. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun kan tí mi ò tíì rí kẹ́nikẹ́ni sọ: ibi ìkẹ́rùsí ìsàlẹ̀ yẹn kì í ní èèyàn lóru. Iná lè ti máa jó níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ẹni tó sùn lókè tó gbóòórùn rẹ̀. Torí náà aago tó máa dún nísàlẹ̀ nìkan kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n so gbogbo aago ilé mọ́ra, kó jẹ́ pé tí èéfín bá kan ti ìsàlẹ̀, tòkè náà á dún lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn èèyàn ń sùn sí.

Oríṣi méjì ni aago èéfín tó wọ́pọ̀. Ọ̀kan ń lo ìmọ́lẹ̀, ó tètè ń mọ iná tó ń rú èéfín kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, irú èyí tó máa ń jó nínú àga tàbí nínú wáyà. Èkejì ń lo èròjà díẹ̀ tó ń tú ìtànṣán jáde (radioactive), òun máa ń tètè mọ iná tó bá rọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ń lo ìmọ́lẹ̀ ni mo máa ń yàn fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá, kì í sì í dún lásán tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbé aago èéfín sínú ilé ìdáná o. Á máa dún ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń se nǹkan, títí wọ́n á fi yọ bátìrì rẹ̀ kúrò. Aago tó ń mọ ooru ni ti ilé ìdáná.

Sílìn ló ń gbé, kó jìnnà sí igun ògiri, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 30, torí èéfín kì í tètè dé kọ̀rọ̀ igun. Ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò lóṣooṣù. Lẹ́yìn ọdún 10 ẹ yọ ọ́ sọnù kódà bó ṣì ń dún, torí ohun tó ń fura nínú rẹ̀ ti gbó.

Wáyà tó so àwọn aago wọ̀nyí pọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè fara da iná. Bẹ́ẹ̀ sì ni iná pàjáwìrì inú àtẹ̀gùn, kó ní bátìrì tirẹ̀ tó máa tàn nígbà tí iná mànàmáná ilé bá kú. Àtẹ̀gùn tó ṣókùnkùn tí èéfín díẹ̀ tún wà nínú rẹ̀ kò ṣeé rìn fún ẹni tó ń gbé ọmọ.

Wẹ́dà_Irin
Ìbéèrè ni tèmi. Ṣé irin ni wọ́n fẹ́ fi ṣe òpó ìsàlẹ̀ kí ibi ìkẹ́rùsí lè fẹ̀, àbí kọnkéré?

Onílé_Ọ̀la
Irin ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Òpó irin mẹ́fà.

Wẹ́dà_Irin
Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ ní ìhòòhò. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé irin kì í jóná. Òótọ́ ni. Kì í sì í yọ́ nínú iná ilé, torí nǹkan bí 1,500°C ló tó lè yọ́. Àmọ́ kò nílò kó yọ́ kó tó wó ilé. Nígbà tó bá gbóná dé nǹkan bí 600°C, agbára rẹ̀ á ti dín sí nǹkan bí ìdajì, bẹ́ẹ̀ iná tó bá ti gba gbogbo yàrá máa ń kọjá ìyẹn. Dẹ́kìn méjì àti ìdílé mẹ́jọ ló wà lórí àwọn òpó yẹn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo mọ̀ tó dáa. Ẹ lè da kọnkéré bò ó. Ẹ lè fi pátákó jípúsọ́ọ̀mù (ohun funfun tí wọ́n fi ń ṣe POP) tí wọ́n ṣe fún iná dì í yí ká. Omi tó so mọ́ ara jípúsọ́ọ̀mù tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, iná sì gbọ́dọ̀ gbẹ omi yẹn tán kó tó rí irin mú. Ẹ sì lè kùn ún ní ọ̀dà tó ń wú tí ooru bá kàn án. Ọ̀dà yẹn dáa, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ nípọn bí ẹni tó ṣe é ṣe ní kó nípọn, kì í ṣe pé kí wọ́n kàn fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a lẹ́ẹ̀kan. Fún ibi ìkẹ́rùsí tí ẹrù á máa forí sọ òpó, èmi á yan kọnkéré.

Ọmọ_Bíríkìlà
Kí sprinkler, ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi láti sílìn láti pa iná, ńkọ́? Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Mo gbọ́ pé tí èéfín díẹ̀ bá rú báyìí, gbogbo ilé ló máa tú omi, ẹrù gbogbo á bàjẹ́.

Pulọ́ńbà_Kan
@Ọmọ_Bíríkìlà, inú fíìmù nìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀. Èéfín kì í ṣí sprinkler, ooru ló ń ṣí i. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí gíláàsì kékeré kan tí omi aláwọ̀ wà nínú rẹ̀. Èyí tó pupa máa ń fọ́ ní 68°C. Tó bá fọ́, omi á jáde láti ẹnu yẹn nìkan. Èyí tó wà ní yàrá kejì á dúró síbẹ̀ jẹ́ẹ́ títí ooru fi máa dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Omi tó ń ti ibẹ̀ jáde kéré gan-an sí èyí tí panápaná máa fi họ́ọ̀sì da síbẹ̀ nígbà tí iná bá ti di ńlá.

Panápaná_Àná
Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan kún ti Pulọ́ńbà, torí mo nífẹ̀ẹ́ sí i gan-an. Ní oṣù kejì ọdún 1991, One Meridian Plaza ní Philadelphia jó. Ilé alájà 38 ni. Àjà 22 ni iná ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń gun òkè láti àjà kan dé ìkejì fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Panápaná mẹ́ta kú sínú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kó gbogbo òṣìṣẹ́ jáde torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ilé lè wó. Ohun tó wá dá iná yẹn dúró ni sprinkler mẹ́wàá lórí àjà 30, tí ẹni tó háyà ibẹ̀ ti ní kí wọ́n fi sí àjà tirẹ̀. Iná ọ̀hún kò kọjá ibẹ̀.

Onílé_Ọ̀la, tí owó ò bá tó láti fi sí gbogbo ilé, ẹ fi sí ibi ìkẹ́rùsí ìsàlẹ̀ ní tiyín, kí ẹ fi páìpù sílẹ̀ fún òkè. Àmọ́ kí onímọ̀ ẹ̀rọ ṣírò omi rẹ̀. Sprinkler tí táńkì rẹ̀ gbẹ kò yàtọ̀ sí ohun ọ̀ṣọ́.

Ìyá_Ọlọ́mọ
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ìyá mi ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, a sì ń wá ilé báyìí. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí, fún ẹni tó lè sáré ni. Kí ni ti ẹni tí kò lè sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn?

Ayàwòrán_Ilé
Ìbéèrè yín ló yẹ ká ti kọ́kọ́ dáhùn, mà. Èkíní, tí ibùgbé bá wà nísàlẹ̀, ẹ gba ibẹ̀. Onílé_Ọ̀la, ẹ rò ó wò bóyá ẹ lè fi ilé kan sí ìsàlẹ̀ fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀, kó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ síta, kí ògiri tó le sì pín in níyà sí ibi ìkẹ́rùsí. Èkejì, tí ògiri tá a fi yí àtẹ̀gùn ká bá ti wà, a lè jẹ́ kí ìpàtẹ́ àtẹ̀gùn, ìyẹn ibi tí àtẹ̀gùn ti ń yí, fẹ̀ tó tí kẹ̀kẹ́ kan á fi lè dúró síbẹ̀ láìdí ọ̀nà fún àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀. Ẹni náà á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn adènà-iná, níbi tí èéfín kò sí, títí wọ́n á fi wá gbé e. Ẹ̀rọ agbénisókè lásán kò ṣeé lò nígbà iná: iná mànàmáná lè kú kó há sáàárín, ó sì lè lọ ṣílẹ̀kùn lórí àjà tí iná wà gan-an. Èyí tí wọ́n ṣe fún àkókò iná wà, ṣùgbọ́n ó ní wáyà tirẹ̀ àti ìdáàbòbò tirẹ̀.

Kí ẹ sì sọ fún àwọn ará ilé. Ó kéré tán èèyàn méjì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìyá wà níbẹ̀.

Onílé_Ọ̀la
Ẹ ṣé gan-an. Ohun kan ń dààmú mi. Olè. Gbogbo ayálégbé ló máa ń fẹ́ irin lójú fèrèsé, wọ́n á tún fẹ́ ká fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ lóru. Ẹ̀yin ní kí n ṣí ọ̀nà sílẹ̀.

Ọmọ_Bíríkìlà
Ẹ ti í, ọ̀gá. Olè ń wá lójoojúmọ́, iná kì í wá lójoojúmọ́.

Panápaná_Àná
Mi ò gbà, ọmọ mi. Mo bẹ̀ ọ́, má gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn yẹn. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1911, ilé iṣẹ́ aṣọ Triangle ní New York jó. Wọ́n ti ilẹ̀kùn kan lórí àjà kẹsàn-án pa kí àwọn òṣìṣẹ́ má bàa jí aṣọ gbé jáde. Èèyàn 146 ló kú, ọ̀dọ́mọbìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní Cocoanut Grove, ilé fàájì alẹ́ kan ní Boston, lọ́dún 1942, èèyàn 492 ló kú. Ilẹ̀kùn àbájáde kan ń yípo, èrò tó ń ti ara wọn ló sì há a, àwọn kan wà ní títì pa, àwọn míì sì ń ṣí sínú nígbà tí èrò ti rọ́ mọ́ wọn. Nítorí olè ọjọ́ kan àti nítorí iná ọjọ́ kan, irinṣẹ́ kan náà ló wà: ọ̀pá tí wọ́n ń fi ara tì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tó wà níta ò lè ṣí i láìní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó wà nínú, tó bá fi ìgbáròkó tì í báyìí, ó ti ṣí. Kò nílò kọ́kọ́rọ́, kò nílò ìmọ́lẹ̀. Kí ilẹ̀kùn náà sì máa ṣí síta.

Irin ojú fèrèsé ńkọ́? Ó kéré tán ọ̀kan nínú yàrá ìsùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí látinú, láìlo kọ́kọ́rọ́. Kí ọmọ tó ti tó ṣe é mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣí i.

Wẹ́dà_Irin
A máa ń ṣe irú irin fèrèsé bẹ́ẹ̀. Híńjì lápá kan, ìdè lápá kejì, ọwọ́ ẹni tó wà níta ò ní dé ibi ìdè náà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ágádágodo sí i.

Olùkọ́_Ààbò
Díẹ̀ ni mo fẹ́ sọ nípa ẹ̀rọ ìpaná, torí gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì jù ẹ ti sọ ọ́. Ẹ̀rọ ìpaná wúlò fún iná kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olómi dára fún pákó, bébà àti aṣọ. Má dà á sí wáyà tí iná mànàmáná ṣì wà nínú rẹ̀, má sì dà á sínú epo gbígbóná láéláé: omi tó bá di ooru á fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 1,700, á sì gbá epo tó ń jó ká gbogbo ilé. Fún epo ìdáná, ẹ pa gáàsì, ẹ fi ìdérí bò ó, ẹ má gbé e rìn. Oníkábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ló dára fún ohun èlò iná mànàmáná, kì í fi ìdọ̀tí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má di ẹnu dúdú rẹ̀ mú, òtútù rẹ̀ lè bó ọwọ́. Oníyẹ̀fun ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ nǹkan, àmọ́ nínú yàrá kékeré á ṣú dùdù mọ́ni lójú.

Ibi ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ gbé e kọ́, kì í ṣe inú ibi tí iná ti lè sọ gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà tó máa gbà jáde. Tí agolo kan bá tán tí iná kò kú, kó jáde, kó ti ilẹ̀kùn.

Onílé_Ọ̀la
Mo ti bá ayàwòrán mi sọ̀rọ̀. Ó ní tá a bá gbé àtẹ̀gùn lọ sí ara ògiri tá a sì fi ògiri yí i ká, yàrá kan máa lọ lórí àjà kọ̀ọ̀kan. Ó tún dábàá pátákó aláwọ̀ tó máa bo ara ilé níwájú, kó lè dáa lójú. Mo ní kó dúró ná. Ẹ bá mi tò ó: tí owó bá kù díẹ̀, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Panápaná_Àná
Ẹ fi pátákó aláwọ̀ yẹn sílẹ̀. Ní Grenfell, irú pátákó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ike pólítíìnì sí àárín rẹ̀ ló gbé iná gun ara ilé láti àjà kẹrin dé òkè. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ lo ohun kan, ẹ béèrè ìwé ìdánwò rẹ̀. Ní ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù, A1 àti A2 ni èyí tí kò jó tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jó rárá. Ọ̀dà lásán ti tó.

Yàrá tó máa lọ nítorí àtẹ̀gùn, ẹ jẹ́ kó lọ. Àtẹ̀gùn, ilẹ̀kùn rẹ̀, ògiri tó dé abẹ́ dẹ́kìn àti ihò tí wọ́n dí, ẹ má yọ ọ̀kankan nínú wọn, torí lẹ́yìn tí ilé bá parí, iye tí ẹ máa ná láti tún wọn ṣe á pọ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ fíìfíì. Aago tá a so mọ́ra tẹ̀lé e, iná pàjáwìrì sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Sprinkler ìsàlẹ̀ tẹ̀lé ìyẹn. Ẹ̀rọ ìpaná ló kẹ́yìn, ẹ lè rà á lọ́jọ́ tí ayálégbé bá fẹ́ kó wọlé.

Kí n má gbàgbé: ọkọ̀ àwa panápaná ńkọ́? Ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ kó lè dé ara ilé. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ọ̀nà náà fẹ̀ tó mítà 3.7, ti Amẹ́ríkà sún mọ́ mítà 6. Ẹ má kọ́ géètì tó kéré sí i, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ̀nà yẹn di ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Onílé_Ọ̀la
Ìbéèrè kan tó kù. Àlàfo tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, nísàlẹ̀. Mo fẹ́ fi mítà iná àti bátìrì ẹ̀rọ ayíná (inverter) síbẹ̀, kí ibẹ̀ má ṣòfò.

Oníná_Mànàmáná
Rárá o, ọ̀gá. Gbogbo iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe sórí àtẹ̀gùn yẹn ni ohun kan tó jó lábẹ́ rẹ̀ máa bàjẹ́. Bátìrì lítíọ́mù tó bá bàjẹ́ tàbí tí wọ́n fi ṣájà tí kì í ṣe tirẹ̀ gba iná sí máa ń gbóná fúnra rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kan á tan iná ran èkejì, gáàsì tó ń tú jáde máa ń jó ó sì lóró. Kódà tí wọ́n bá ti pa á, ó lè tún sọ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ẹ kọ́ yàrá kékeré kan fún un sí ẹ̀yìn ilé, búlọ́ọ̀kù àti dẹ́kìn, kó ní ojúhò afẹ́fẹ́ síta, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ má kọjú sí àtẹ̀gùn tàbí fèrèsé ẹnikẹ́ni. Kí súìsì ńlá tó ń pa gbogbo rẹ̀ wà níta yàrá náà, níbi tí panápaná á ti rí i. Àwọn ayálégbé tó ń fi kẹ̀kẹ́ oníbátìrì rìn náà, ẹ sọ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ ṣájì rẹ̀ lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn, ẹ mọ ọ́n pa.

Onílé_Ọ̀la
Ó ti yé mi. Ọ̀la ni mò ń padà lọ bá ayàwòrán. Tí púláànù tuntun bá jáde, màá gbé e síbí, kẹ́ ẹ bá mi wò ó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀.